Làmídì Ẹlẹ́ẹ̀kẹta àti Ẹ̀rọ Tó Ń Dáhùn Ìpè

Ọmọ ọdún méje ni Làmídì nígbà tó dáhùn ìpè ẹni tí kò rí. Ó wà lóko bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Akínyẹlé, ọyẹ́ sì bo ilẹ̀ débi pé ọ̀pẹ tó wà nítòsí dà bí èyí tí wọ́n fi ẹfun yà sára ògiri, tí òjò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ̀ dànù. Ohùn kan jáde láti inú funfun yẹn, ó ní, "Làmídì." Ọmọ náà kò rò ó wò, ó ní, "Ẹ̀ẹ́n." Kò sí ẹni tó yọ. Kò sí ẹni tó tún pè é. Fàtímọ̀, ìyá bàbá rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀gúsí nítòsí, ju igbá sílẹ̀, ó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kó tutọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi iyọ̀ sí i lẹ́nu, ó sì ní kó máa wí "Bìsímílà" títí iyọ̀ náà fi yọ́ tán.

"Ṣé o rí ẹni tó pè ọ́?"

"N ò rí i, Ìyá."

"Ta lo wá ń dá lóhùn? Ẹni tí o kò bá rí, jẹ́ kó pè ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun tí kì í ṣe ènìyàn kì í pè dé ẹ̀kẹta."

Òfin yìí kì í ṣe ti Fàtímọ̀ nìkan. Agboolé tí wọn kò ti fi irú rẹ̀ kọ́ ọmọ kò wọ́pọ̀ láti Akínyẹlé dé Akanran, yálà wọ́n ń kírun níbẹ̀ ni tàbí wọ́n ń wọ sùtánà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yòókù a máa gbàgbé rẹ̀ bí eré bá ti wọ̀ wọ́n lára. Làmídì kò gbàgbé. Ó dàgbà, ó gbé Mùsílímátù níyàwó, ó bí Zubaidah àti Safwan, síbẹ̀ bí o bá pè é láti ẹ̀yìn ògiri, o ní láti pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹ́ ọ. Mùsílímátù ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á to orúkọ náà ní mẹ́ta léra wọn bí ẹni tó ń fa tẹ̀síbáà, kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Níbi iṣẹ́, Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn kan ní ariwo ẹ́ńjìnnì ló di í létí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Etí Làmídì mú débi pé bí rédíò bá ti ń kùn, ó lè sọ wáyà tó ń fẹ́ já nínú rẹ̀ kó tó ṣí i.

Iṣẹ́ rédíò inú ọkọ̀ òfurufú ló ń ṣe ní pápákọ̀ Alakia. Àwọn ará abúlé rẹ̀ a máa pè é ní awakọ̀ òfurufú, èyí náà kò tọ̀nà. Ìgbà méjì péré ló fò rí, ìgbà méjèèjì ló sì di ojú rẹ̀. Rédíò alábátìrì tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbọ́ ìròyìn ló fi kọ́ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán an lọ kàwé ní Zaria fún ọdún méjì, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì padà wá jókòó sínú háńgà kan, ilé tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ òfurufú sí, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù. Oòrùn a máa gba ojú ihò ìṣó wọlé níbẹ̀ bí okùn wúrà tẹ́ẹ́rẹ́, eruku á sì máa jó nínú okùn náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ tó ń bà sí Alakia kò pọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí ènìyàn kò ní gbọ́ ìró kankan bí kò ṣe ti ewúrẹ́ tó yọ́ gba abẹ́ wáyà ọgbà wọlé, tó ń já koríko jẹ lẹ́bàá ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sá lé. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Làmídì á ti wọ inú ọkọ̀ kan lọ, á fi òwú tí wọ́n fi ìda pa máa di wáyà pọ̀: kókó kan, ìwọ̀n ìka méjì, kókó kan, ìwọ̀n ìka méjì, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń so iṣu mọ́ igi àká. Bí kókó kan bá wọ́, á tú gbogbo rẹ̀, á tún un dì. Kò sí ẹni tó máa rí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi pákó bò ó. Ó mọ̀. Síbẹ̀ á tún un dì.

Ní ìparí ọdún 1991, Olúmúyìwá gbé ẹ̀rọ kan wá fún un nínú páálí.

Olúmúyìwá yìí ló ni oko adìyẹ ńlá tó wà lọ́nà Akanran. Ó kọ́ ọkọ̀ òfurufú wíwà nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ẹranko nílùú òyìnbó, ó sì ra ọkọ̀ kékeré kan, ẹlẹ́ńjìnnì kan, oníjókòó mẹ́rin, tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó di tirẹ̀. Oògùn àjẹsára adìyẹ ló fi ń gbé láti Èkó, nínú kúlà tó kún fún yìnyín. Bí wọ́n bá gbé e gba orí títì, yìnyín lè yọ́ tán sínú go-súló kí oògùn tó délé. Bó bá sì gbóná, kò wúlò mọ́.

Oṣù Kìíní ọdún náà ni ọyẹ́ ká a mọ́ ojú ọ̀run. Ó wo ìsàlẹ̀, funfun. Ó wo òkè, funfun. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, àwọn tó wà nílẹ̀ sì ń gbọ́ ọ kedere. "Ibo lẹ wà?" ni wọ́n ń bi í, ohun tí òun náà fẹ́ bi wọ́n gan-an nìyẹn. Epo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tó rí títì Èkó tó la igbó kọjá bí ìlà tí ọmọdé fi èédú fà, ó sì rọ̀ mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé Ìbàdàn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ lábẹ́ apá ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń fi ọwọ́ pa sìmẹ́ńtì bí ẹni tó ń fọwọ́ ra ajá lórí.

Ìdí nìyẹn tó fi ra ẹ̀rọ náà. Tiransipọ́ńdà ni ìwé pè é, ṣùgbọ́n Làmídì sọ ọ́ ní adáhùn, orúkọ yẹn ló sì mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Kò tóbi ju búrẹ́dì kékeré lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ṣòroó yé. Ẹ̀rọ ńlá kan wà nílẹ̀ ní Èkó, rédà, tó ń yí lórí òpó, tó sì ń pe ohunkóhun tó bá wà lókè. Bí ìpè náà bá kan ọkọ̀, adáhùn á jẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀: á sọ nọ́ńbà tí wọ́n fún ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, á sì sọ bó ṣe ga sókè tó. Ẹni tó jókòó sídìí rédà á wá rí ibi tí ọkọ̀ wà, bí kùrukùru tilẹ̀ bo gbogbo ayé. Iná kékeré kan wà níwájú adáhùn tó máa ń ṣẹ́jú nígbàkígbà tó bá fọhùn.

Làmídì ka ìwé tó bá a wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dé ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ yìí ń dáhùn gbogbo ìpè tó bá kàn án, láìbéèrè ẹni tó pè é. Ó pa ìwé náà dé, ó yọjú wo ìta, ó tún ṣí i, ó sì ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ṣẹ́gun, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú táwà tí wọ́n ti ń bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀, dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Bọ̀ọ̀dá Làmídì. Bọ̀ọ̀dá Làmídì. Bọ̀ọ̀dá Làmídì. Ó ti pé mẹ́ta, ẹ dáhùn."

"Kí ló dé?"

"Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ ní bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Ṣé wọn ò wá ènìyàn títí ni?"

"Kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ mi, Ṣẹ́gun."

"Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún àwọn ará Èkó pé mẹ́ta mẹ́ta ni kí wọ́n máa pè é."

Làmídì kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ju àkísà lù ú.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ náà gbà, ọdún 1992 sì bá a lẹ́nu rẹ̀. Ó lu ihò sára pákó iwájú, ó gbé adáhùn sínú rẹ̀. Ó fa wáyà iná láti ìdí bátìrì. Ó so àpótí kékeré tó ń wọn gíga ọkọ̀ mọ́ ọ. Lábẹ́ ikùn ọkọ̀, ó gbé éríà sí i, irin ṣóńṣó kan tí kò gùn ju ìka lọ. Ibẹ̀ ni ohùn adáhùn ń gbà jáde, wáyà dúdú kan ló sì máa so òun àti éríà pọ̀. Bó ṣe ń dùbúlẹ̀ lórí ẹní lábẹ́ ọkọ̀, tí páànù ń ró kẹ́kẹ́ lókè nítorí ooru, ó máa ń dà bíi pé ọkọ̀ náà jẹ́ ẹranko ńlá kan tó sùn, tí òun sì ń fi ahọ́n sí i lẹ́nu kó tó jí.

Ó ku wáyà dúdú yẹn nìkan láti so nígbà tí Màmá Dorothy dé.

Ìyá Olúmúyìwá ni. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyá ìjọ ni wọ́n nínú Kérúbù àti Séráfù ní Akanran. Wọ́n wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń tẹ sìmẹ́ńtì háńgà bó ṣe gbóná tó. Wọ́n dúró nínú ọ̀kan nínú àwọn okùn oòrùn yẹn, eruku ń jó yí wọn ká.

"Ìwọ ni Làmídì?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ìrìn."

"Ọmọ mi ní ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ rẹ tó ń dáhùn."

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Màmá."

"Ta ló ń dá lóhùn?"

"Àwọn ará Èkó ni, Màmá. Ẹni tó bá ṣáà ti pè é."

"Ẹni tó bá ṣáà ti pè é." Màmá tún ọ̀rọ̀ náà sọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ṣé ó máa kọ́kọ́ rí wọn kó tó dáhùn?"

Làmídì wolẹ̀. Ìbéèrè tó ti ń bi ara rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn, ẹnu arúgbó tó wọ aṣọ funfun ló sì wá ti jáde.

Màmá jókòó sórí àpótí irin-iṣẹ́. Wọ́n ní kí Olúmúyìwá tó dé, àwọn ti kọ́kọ́ bí ọkùnrin kan, Ìtùnúolúwa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ó lọ pọnmi lódò ní àárọ̀ ọyẹ́ kan, ó padà délé, ó ní, "Ìyá mi, ẹ pè mí lódò, mo sì dá yín lóhùn." Àwọn kò sì pè é. Ọjọ́ kẹta ló kú. Dókítà ní ibà ni. Ó lè jẹ́ ibà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, bí àwọn ṣe ń gbàdúrà lọ́wọ́, àwọn rí ọkọ̀ funfun kan nínú ìran, ó wà nínú ìkùukùu, ohùn kan ń pè é, ọkọ̀ náà sì ń jẹ́ ẹ, ó ń jẹ́ ẹ, títí àwọn kò fi rí i mọ́.

"Màmá, ẹ̀rọ lásán ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀." Wọ́n dìde. Làmídì rò pé wọ́n fẹ́ máa lọ ni, àfi bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì náà. "Mi ò ní kí o má gbé e sí i. Gbé e síbẹ̀, kó rí i, kí inú rẹ̀ dùn. Gé ahọ́n rẹ̀ nìkan fún mi."

Kò sí ọmọ Yorùbá kan tó lè wo arúgbó bí ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ kó sì máa jiyàn. Làmídì ti dọ̀bálẹ̀ kó tó mọ̀.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ má ṣe èyí fún mi. Mo ti gbọ́. Mo ti gbọ́, Màmá."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó mú etí wáyà dúdú náà, kò so ó mọ́ ibì kankan. Ó fi aṣọ wé e lórí, ó sì fi òwú oní-ìda dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ pákó níbi tí ojú kò ti lè rí i. Kókó náà kò wọ́ rárá. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ìdìkudì, kódà bó bá jẹ́ ohun tí kò dára ló ń dì.

Lọ́jọ́ Ajé, Olúmúyìwá yà wo iṣẹ́. Ó fọwọ́ pa ojú adáhùn, ó yí bọ́tìnnì rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ Èkó, Ọ̀gá Làmídì. Àwọn adìyẹ mi ti ń rẹ̀ sílẹ̀, oògùn yẹn ò gbọdọ̀ pẹ́. Ọyẹ́ sì ti dé. Ṣé ó ti ń dáhùn?"

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Tọdún tó kọjá yẹn, Ọlọ́run ló yọ mí. Tọ̀tẹ̀ yìí, ẹ̀yin ni mo gbójú lé. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé pé ó ń dáhùn, mo lọ nìyẹn."

Ìwé tó ń wí yìí ni ìwé ọkọ̀, tí oníṣẹ́ ní láti kọ iṣẹ́ tó ṣe sí, kó sì fọwọ́ sí i. Láti ìgbà tí Làmídì ti ń ṣiṣẹ́, kò fọwọ́ sí irọ́ rí. Ó gbé ìwé náà lé itan, ó kọ déètì, kò kọ nǹkan mìíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ooru mú un, ó sì jókòó sórí àga awakọ̀ pẹ̀lú ìwé náà lórí itan. Ilẹ̀kùn háńgà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọyẹ́ ti gbé koríko mì, ó ti gbé ọ̀nà ọkọ̀ mì, ó ku funfun nìkan lójú ilẹ̀kùn. Kò mọ ìgbà tó sùn lọ. Nínú oorun, ó di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ebè iṣu, ohùn kan ń bọ̀ láti ìkọjá odò: "Làmídì." Ó dúró. "Làmídì." Ó ń dúró de ẹ̀kẹta. Ó dúró, ó dúró, ebè iṣu ń ga sí i yí i ká, àwọn ìtàkùn ń gun apá rẹ̀ bí ẹni pé igi iṣu ni, ẹ̀kẹta kò sì dé.

Ó jí. Ẹnu rẹ̀ ń ta bí ẹni tó lá iyọ̀. Ó dìde, ó gbé alùpùpù rẹ̀, ó sì kọrí sí Akanran.

Màmá Dorothy ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ nígbà tó dé. Wọ́n fún un lómi, wọ́n fún un níjòókòó. Ó mu omi náà tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ sọ tiyín fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìyá mi àgbà ló kọ́ mi pé kí n má jẹ́ ẹni tí mi ò bá rí, àfi bó bá pè mí lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, èmi àti bàbá mi wà lóko, ọyẹ́ mú bí ti òní yìí. Mo gbọ́ orúkọ mi láti ìkọjá odò. Mi ò dáhùn. Mo tún gbọ́ ọ. Mi ò dáhùn. Mo ń retí ẹ̀kẹta, n kò gbọ́ ọ. Mo wá ń bá ebè mi lọ."

"Ta ló ń pè ọ́?"

"Bàbá mi ni. Wọ́n ti tẹ pàkúté irin tí ọdẹ kan kẹ́ de ọ̀yà. Ó ti gé wọn lẹ́sẹ̀ dé eegun. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi àdá yọ ẹsẹ̀ wọn kúrò níbẹ̀, tí wọ́n wọ́ dé ọ̀dọ̀ mi."

Màmá dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀wà. "Wọ́n ńkọ́ báyìí?"

"Wọ́n wà, Màmá. Wọ́n ń tiro."

"Ṣé wọ́n bá ọ wí?"

"Wọn ò bá mi wí rí. Wọ́n kàn ní, 'Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé o ti lọ sílé ni.' Látìgbà yẹn, Màmá, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí, ẹnu mi á kọ̀ láti ṣí. Ẹ̀rù ohun tó pè mí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje kọ́ ló ń bà mí mọ́. Mi ò mọ ohun tó jẹ́."

Adìyẹ kan ń tu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Màmá wò ó títí ó fi rìn kọjá.

"Ìtùnú dáhùn, ó kú. Ìwọ ò dáhùn, bàbá rẹ ń tiro. Kí la máa wá ṣe?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́dún tó kọjá, ọmọ yín wà nínú ọyẹ́ yẹn, àwọn tó wà nílẹ̀ ń bi wọ́n pé ibo ni wọ́n wà, ọmọ yín ò rí ohun tí wọ́n lè fi dáhùn. Bí mo bá sì fọwọ́ sí ìwé lọ́la pẹ̀lú ahọ́n tí mo gé yẹn, wọ́n á lọ lọ́jọ́bọ̀. Ọkàn wọn á balẹ̀. Kò sì sí ẹni tó máa rí wọn."

Màmá gbé ẹ̀wà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti rọ̀.

"Ó wù mí kí n rí ẹni tó ń pè é."

"Èkó jìnnà, Màmá." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ó rántí. Àpótí kan wà ní háńgà tí wọ́n fi ń dán adáhùn wò, tó ń pè é lọ́nà kan náà tí rédà ń gbà pè é. "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ pè é, Màmá. Ẹ wá bá mi lọ́la. Ẹ̀yin ìyá rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ jẹ́."

Lọ́jọ́rú, wọ́n ti ọkọ̀ náà síta háńgà. Làmídì gé òwú tó fi di wáyà dúdú, ó so ahọ́n náà mọ́ ibi tó yẹ, lójú Màmá Dorothy. Ó gbé àpótí ìdánwò lé wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n dúró síwájú ọkọ̀, bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ ogún sí i. Olúmúyìwá wà lórí àga awakọ̀; kò mọ ohunkóhun nípa ahọ́n tí wọ́n gé, ó rò pé ìyá òun kàn wá súre fún ẹ̀rọ ni. Ó tan adáhùn. Làmídì dúró sẹ́bàá fèrèsé, ojú rẹ̀ wà lára iná kékeré náà.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Màmá."

Màmá tẹ̀ ẹ́. Iná kò ṣẹ́jú.

"Ẹ tún un tẹ̀."

Wọ́n tún un tẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Iná náà ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú lọ bí ẹni tó ń fi ojú bẹ̀bẹ̀.

"Ó jẹ́ yín, Màmá," ni Olúmúyìwá wí láti inú ọkọ̀.

Màmá Dorothy bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni kò retí láti ara arúgbó tó gbààwẹ̀ wá. "Ó dúró de ẹ̀kẹta. Làmídì, ṣé o rí i? Wọ́n kọ́ ọ nílé."

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí lẹ́yìn náà ní Akanran, ibí yìí ni wọ́n ti máa ń fi àdúrà kún un. Òótọ́ rẹ̀ rèé: gílóòbù kan wà nínú adáhùn tó gbọ́dọ̀ gbóná fún bí ìṣẹ́jú kan kó tó lè fọhùn. Làmídì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò kàn sọ ọ́ lójú Màmá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá ti wọ mọ́tò padà sílé, ó fa Olúmúyìwá sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọ̀gá, ẹ máa tan án nígbà tí ẹ bá ṣì wà nílẹ̀, kó gbóná. Ẹ má jẹ́ kó dúró de ìpè kẹta o. Ìpè àkọ́kọ́ ni kó jẹ́."

Lẹ́yìn èyí ló gbé ìwé ọkọ̀ lé itan, ó kọ gbogbo ohun tó ṣe síbẹ̀ láìfo ọ̀kan, ó sì fọwọ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀ mọ́ pẹ̀lú ọyẹ́ tó nípọn. Wọ́n dúró títí ó fi ká díẹ̀, Olúmúyìwá sì gbéra ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ọkọ̀ náà sáré, ó gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó wọ inú funfun, ìró rẹ̀ ń dín kù, ó ń dín kù, ó wá ku ti ewúrẹ́. Màmá Dorothy jókòó lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ọgbà, àdúrà wà lẹ́nu wọn. Làmídì kò lè jókòó. Ó wà lẹ́yìn ògiri háńgà, ó ń fi òwú oní-ìda di kókó sórí okùn asán, ó ń tú u, ó tún ń dì í. Ó ń rò pé bóyá wáyà náà tú. Ó ń rò pé bóyá ìran ni ìran í jẹ́.

Ṣẹ́gun sọ̀ kalẹ̀ láti inú táwà. Kò ì tíì dé ibi tí wọ́n ti lè rí i nígbà tó ké láti ìhà kejì ògiri:

"Bọ̀ọ̀dá Làmídì."

"Ẹ̀ẹ́n," ni Làmídì wí.

Ṣẹ́gun dúró. Ó yọ orí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń wò ó bí ẹni tó rí ohun tí kò yẹ kó rí. "Ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pè yín."

"Mo gbọ́. Kí ni wọ́n wí?"

"Ẹ jẹ́ kí n rántí ná, ẹ ti bà mí lẹ́rù." Ó fọwọ́ gba orí. "Èkó ti rí i. Wọ́n ní ìpè àkọ́kọ́ ló jẹ́. Ó ti kọjá Ṣágámù, wọ́n sì ti ń júwe ọ̀nà fún un."

Làmídì rìn dé abẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Dorothy. Màmá wo ojú rẹ̀, wọ́n fọwọ́ lé e lórí, wọ́n sì ń bá àdúrà wọn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Jímọ̀, ó lọ sí Akínyẹlé. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó ń wá ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ kiri. Ó pe Làmídì lẹ́ẹ̀kan láìretí ohunkóhun, nítorí pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nínú ilé náà. "Mo wà níbí, Bàbá," ni Làmídì wí, ó sì ti ń sáré lọ bá a kó tó sọ ọ́ tán. Bàbá náà di èjìká ọmọ rẹ̀ mú, ó sì fi í ṣe ọ̀pá títí wọ́n fi dé iwájú ilé.

Olúmúyìwá fi adáhùn rẹ̀ fò fún ọdún mẹ́rin, kò sì sọnù mọ́. Ní ọdún 1996 ó ta ọkọ̀ náà fún ẹnì kan ní Kàdúná, háńgà náà sì di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Làmídì kó irin-iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Alakia lọ́dún yẹn. Oṣù Kọkànlá ọdún 1998 ni Ṣẹ́gun rí i kẹ́yìn: ó wà ní Akínyẹlé, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, ó ń tún rédíò ṣe.